Ọjọ́ Tí Okùn Òkun So Àtíbàbà Ọlọ́lá

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó wà lójú oòrùn kó bọ́ sábẹ́ igi àgbọn yìí, ẹni tó pọn ọmọ kó tú u sílẹ̀ kó nasẹ̀. Ẹ má dúró lókèèrè bí àlejò tí kò mọ̀ bóyá oúnjẹ máa kan òun. Oúnjẹ máa kàn yín. Ọ̀rọ̀ la máa kọ́kọ́ jẹ.

Sìmbíátù, ìyàwó Mọ́rúfù apẹja, ló kọ́kọ́ rí i pé okùn kò sí lára ògiri. Ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ní Ìdí-Àgbọn, abúlé tó wà láàárín ọ̀nà Ajah àti òkun. Ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti mú agbọ̀n ẹja, ojú rẹ̀ lọ síbi tí okùn ìfàbọ̀ máa ń wà ní kíká, àmì rẹ̀ nìkan ló rí, àbààwọ́n dúdú roboto tí iyọ̀ òkun ti yà sára ògiri kí òun tó di ìyàwó ilé náà. Ó dúró. Ó fọwọ́ kan àbààwọ́n yẹn bí ìyá tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná.

Okùn yìí, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ọkọ̀ tó bá lọ ta àwọ̀n máa ń gbé okùn tirẹ̀ lọ. Ìfàbọ̀ kì í bá a lọ, ilé ló ń gbé. Ọjọ́ tí òkun bá ru, tí ìgbì kò jẹ́ kí ọkọ̀ wọlé, wọ́n á so kẹ́ẹ̀gì òfìfo mọ́ orí ìfàbọ̀, wọ́n á jù ú síbi tí omi ti ń padà sẹ́yìn, omi á gbé e lọ bá àwọn tó há sẹ́yìn ìgbì. Gbogbo abúlé á wá di ìdí rẹ̀ mú, wọ́n á fa ọkọ̀ wálé. Bàbá tó bí Mọ́rúfù ló lọ́ okùn náà, lèmọ́mù àtijọ́ ló ṣe àdúà sí i. Wọ́n jọ bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú lé e lórí: kò gbọdọ̀ so ẹran, kò gbọdọ̀ so ẹrù, kò gbọdọ̀ kọjá lọ sí apá ọ̀nà. Òkun nìkan. Ẹni tó bá sì fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ tí wọ́n ń fà á, ì báà ṣe àlejò, ì báà ṣe ẹni tó bá ẹ jà lánàá, ẹja rẹ̀ ti wà nínú àwọ̀n. Ọwọ́ Mọ́rúfù ni wọ́n fi okùn náà pamọ́ sí.

"Bàbá Dúró, okùn dà?"

Mọ́rúfù kò gbójú sókè. Ó ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ bùbá funfun, ó ń fẹnu wọ́n omi sí i lára. Ó ní òun yá Kàsímù ní ìrọ̀lẹ́ àná. Wọ́n fẹ́ fi so àtíbàbà tí Ọlọ́lá máa jókòó sábẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà, okùn tí wọ́n rà lọ́jà kò nípọn tó, wọ́n ò sì fẹ́ kí Ọlọ́lá lọ jókòó sábẹ́ ohun tí afẹ́fẹ́ lè gbé. Ìrọ̀lẹ́ òní ló ń padà wálé.

Ọlọ́lá yìí ni ẹni tí wọ́n dìbò yàn fún àgbègbè náà. Odùkọ̀yà lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè é lórúkọ, ṣé ó fẹ́ jẹ ìrẹsì? Ọdún tí mo ń wí yìí, ìrẹsì, mílíìkì àti ṣúgà ti di ohun tó ń gba ìwé. Ìwé pélébé, òǹtẹ̀ pupa lára rẹ̀, ọwọ́ Ọlọ́lá ló ti ń wá, ọwọ́ Kàsímù ìránṣẹ́ rẹ̀ ló ń gbà kọjá, Kàsímù tó ń wọ dígí dúdú látàárọ̀ dalẹ́ bí ẹni tí oòrùn ń lé. Wọ́n ní lọ́rì ìrẹsì ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, Ọlọ́lá fúnra rẹ̀ ló máa pín in. Èyí tó wá da orí Mọ́rúfù rú ni pé Kàsímù sọ ọ́ sí i létí pé Ọlọ́lá máa fún un ní ẹ́ńjìnì ọkọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni Mọ́rúfù ti ń rìn bí ẹni tó ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnì lẹ́yìn ara rẹ̀.

Sìmbíátù ní ọmọ wà lójú omi. Dúró ni ọmọ àkọ́kọ́ tó kù fún un, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ sì ti sọ fún yín pé kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ wá. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ti gbé ọkọ̀ lọ kí wọ́n tó pe ìrun àárọ̀. Bàbá rẹ̀ ti ní kó dúró kó wá tò fún ìrẹsì, ọmọ náà ní ẹja kì í gba ìwé.

Mọ́rúfù ní òkun dákẹ́ bí omi inú àwo, kí ló ń bà á lẹ́rù.

"Tó bá bínú ńkọ́?"

"Ọlọ́lá á ti fún wa ní ẹ́ńjìnì. Kí ni ẹ́ńjìnì fẹ́ fi okùn ṣe?"

Ìyá Mọ́rúfù, Sàídátù, wà lórí ẹní pẹ̀lú tẹ̀súbáà rẹ̀. Ó ka ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta, ó ní, "Àgbójúlógún fi ara rẹ̀ fóṣì ta," ó tún ń ka ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin jẹ́jẹ́, orin tó máa ń kọ tó bá ń ya ẹja lórí iná:

*Ọba tó dá òkun kì í sùn,*
*Ọba tó dá ọ̀sà kì í tòògbé;*
*Ẹni tó bá dì Í mú,*
*Ọwọ́ rẹ̀ ò ní í ṣófo.*

Sìmbíátù tú gàrí tó kù nínú agbè sínú abọ́, ó bomi sí i, kò sí ṣúgà, kò sí ẹja. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu ún. Ṣíbí ń kan abọ́.

Fàúsátù ará ilé kejì ló ké sí wọn. Obìnrin yìí, ẹnu rẹ̀ kì í gbé, bó bá ń sùn ó ń sọ̀rọ̀. Ó na orí kọjá ọgbà, ó ní, "Ìyá Dúró, ẹ ò tíì múra? Wọ́n ní ẹni tó bá kẹ́yìn, àpò òfìfo ló máa gbé. Ẹ sì mọ̀ pé àpò òfìfo kì í ṣeé sè."

Sìmbíátù lọ. N kò ní purọ́ fún yín, ó lọ. Ìkòkò ilé ṣófo, ebi kì í gbọ́ wáàsí. Ó mú ìwé rẹ̀, Mọ́rúfù mú tirẹ̀, wọ́n gba àárín àgbọn lọ sójú ọ̀nà.

Ibẹ̀ ló ti rí okùn. Wọ́n ti fi so òpó ọparun mẹ́rin àtíbàbà náà, aṣọ aláwọ̀ ewé ni wọ́n ta lé e, àga onítìmùtìmù kan ṣoṣo wà lábẹ́ rẹ̀. Èyí tó kù lára okùn, wọ́n fi yí àwọn èrò ká láti igi àgbọn kan dé èkejì, bí wọ́n ti ń ṣe fún ewúrẹ́ lọ́jọ́ ọjà. Ibi tí Sìmbíátù tò sí, okùn náà kan ikùn rẹ̀. Ó ń gbóòórùn iyọ̀ lára rẹ̀. Ní gbogbo àárọ̀ náà, kò gbọ́wọ́ kúrò lára rẹ̀.

Ìlà kò sún. Oòrùn gòkè. Àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ kí ebi má bàa gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ẹnì kan ní ìrẹsì náà gùn bí abẹ́rẹ́, kì í so pọ̀. Ẹlòmíràn ní ìdajì àpò ni wọ́n máa fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Fàúsátù ní òun ti rí ikùn Ọlọ́lá rí, pé ẹni tó ní irú ikùn yẹn, tó bá gbé ìrẹsì jáde nílé, àfi kí ìrẹsì náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé òun ò fẹ́ lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọlọ́pàá kan tó wà níbẹ̀ láti tọ́jú ìlà wò wọ́n, ẹ̀rín náà kú.

Nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí, ohùn Lèmọ́mù Sùlè dún láti mọ́ṣáláṣí, ó ń pe ìrun Jímọ̀. Àwọn ọkùnrin wo ara wọn. Kàsímù gbé gbohùngbohùn sẹ́nu, ó ní mọ́tò Ọlọ́lá ti kúrò nílé, wọ́n á pe orúkọ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹni tí kò bá sí lórí ìlà, ìwé rẹ̀ ti kú. Ó ní Ọlọ́run mọ̀ pé ebi ń pa wọ́n, Ọlọ́run ò ní bínú.

Ta ló rán an sí Ọlọ́run? Kò sẹ́ni tó bi í. Mọ́rúfù wo bàtà rẹ̀. Ọkùnrin tí kò pọ̀, bóyá mẹ́fà, ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gba abẹ́ okùn jáde. Ìyá Sàídátù tó wá fi ọ̀pá tẹlẹ̀ wò wọ́n láti ẹ̀yìn yípadà, ó tọ àwọn mẹ́fà náà lọ, ó ń kọrin rẹ̀ lọ. Wọ́n gbọ́ orin náà títí tí igi fi bò ó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni afẹ́fẹ́ yí.

Lójú ọ̀nà níbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìgbà lèèyàn ń gbọ́ òkun. Ọ̀sán yẹn, wọ́n gbọ́ ọ. Ó kọ́kọ́ dún bí ẹni tó ń wọ́ ẹní lórí yanrìn, ó wá ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń já igi sílẹ̀ látorí lọ́rì. Ojú ọ̀run apá ibẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Aṣọ àtíbàbà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀, ó ń sọ̀, ó ń fẹ̀, ó ń sọ̀. Gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà yẹn, ọmọ òkun ni wọ́n, gbogbo wọn ló mọ ohun tí wọ́n ń gbọ́. Ẹsẹ̀ wọn kò kúrò lórí ìlà.

Fàúsátù ti sáré lọ ká aṣọ tó sá sílé. Nígbà tó padà dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún yanrìn tútù, ìyẹn ni pé ó dé etí òkun. Ó dúró níwájú Sìmbíátù, kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ba àwọn èèyàn ju ìgbà tí òkun ń ké lọ, torí kò sẹ́ni tó rí Fàúsátù rí kó dákẹ́.

Ó wá ní, "Wọ́n wà lẹ́yìn ìgbì kẹta. Wọ́n ti na àjẹ̀ sókè."

Àjẹ̀ tí wọ́n bá nà sókè lórí ọkọ̀, ẹ ò ní láti bi mí. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ń bèèrè ìfàbọ̀ ni.

Sìmbíátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gba abẹ́ okùn jáde, ó lọ bá Kàsímù.

"Kàsímù, tú okùn yìí fún mi. Ọkọ̀ há."

Kàsímù yọ dígí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n rí ojú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ojú ọmọdé ni. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe sùúrù. Wọ́n ti rí mọ́tò Ọlọ́lá ní Màrókò. Tí wọ́n bá dé tí àtíbàbà wà nílẹ̀, ta ló fẹ́ dáhùn?"

"Èmi."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n dé. Ẹnu wọn ni wọ́n á fi pàṣẹ."

Sìmbíátù yíjú sí ọkọ rẹ̀. Gbogbo ìlà náà yíjú sí i. Mọ́rúfù fi apá bùbá funfun nu ojú, lílọ̀ rẹ̀ ti rún. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Jẹ́ kó dé ná, Sìmbíátù. Kò ní pẹ́ mọ́. Tí a bá bẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó máa ní kí wọ́n tú u fún wa."

Obìnrin náà fi gèlè gbàjá. Ó ní, "Ọlọ́lá kọ́ ló fún mi lọ́mọ. Mi ò ní jókòó dè é kí n tó lọ gbà á padà."

Ó kọjá lọ sídìí òpó àkọ́kọ́. Mọ́rúfù fúnra rẹ̀ ló ta kókó ibẹ̀ lálẹ́ àná, kókó apẹja, èyí tí ará ọ̀nà kò lè tú láìfi ọ̀bẹ gé e. Ìyàwó apẹja ni Sìmbíátù. Ó fi eyín dẹ ojú rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tì í, ó tú. Ọlọ́pàá dì í mú léjìká, ó bèèrè orúkọ rẹ̀. Ó ní, "Sìmbíátù, ìyàwó Mọ́rúfù. Kọ ọ́ dáadáa, kí o má lọ kọ ti ẹlòmíràn dípò tèmi." Bí ọlọ́pàá ti ń wá bírò nínú àpò, ó ti tú òpó kejì. Afẹ́fẹ́ ló bá a tú ìyókù. Àtíbàbà náà mí kanlẹ̀, ó wó lé àga onítìmùtìmù mọ́lẹ̀, aṣọ bò ó bí wọ́n ti ń bo òkú.

Sìmbíátù gbé ìdí okùn lé èjìká, ó kọjú sí òkun. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé okùn bẹ́ẹ̀ rí, ẹ ò lè mọ̀. Ẹrù ọkùnrin alágbára ni, ó sì ṣì wé mọ́ àwọn igi. Ó fà á, kò sún ju ìwọ̀n ọwọ́ méjì lọ. Ó tún fà á. Fàúsátù fi ìwé rẹ̀ sẹ́nu kó lè ráyè lo ọwọ́ méjèèjì, ó di okùn mú lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin kan tún jáde. Ọkùnrin méjì. Bí wọ́n ti ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni okùn tó yí wọn ká ń kúrò lára igi, títí ìlà kò fi sí mọ́, tí kò sì sí ohun tí wọ́n á fi dá ẹnikẹ́ni dúró. Ẹni tó kẹ́yìn dì í mú ni Mọ́rúfù. Kò sí ẹni tó sún fún un láyè, kò sì sí ẹni tó lé e.

Ní ẹ̀bá mọ́ṣáláṣí, Lèmọ́mù Sùlè àti àwọn mẹ́fà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Wọ́n ká ṣòkòtò, wọ́n bọ́ sídìí okùn.

Òkun tí wọ́n bá níbẹ̀, n kò gbàdúà kí ẹ rí irú rẹ̀. Ìgbì ń ga, ó ń wó, ìfófòó ń dé ìdí àgbọn. Ọkọ̀ náà ń yọ, ó ń rì sójú wọn. Nígbà tó bá yọ, wọ́n á ka orí: mẹ́rin. Nígbà tó bá rì, gbogbo ènìyàn á na ọrùn títí yóò fi tún yọ. Wọ́n ju kẹ́ẹ̀gì, òkun dá a padà sí wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n tún jù ú, ó tún padà. Mọ́rúfù gba kẹ́ẹ̀gì náà. Ó bọ́ sínú omi tòun ti bùbá funfun, omi dé àyà rẹ̀, ìgbì kan bò ó, wọn kò rí i mọ́. Sìmbíátù ń tú okùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́. Ọkùnrin náà yọ lápá òsì, níbi tí omi ti ń padà gan-an, ó ju kẹ́ẹ̀gì láti ibẹ̀. Omi gbà á. Ó gbé e lọ. Ó gbé e kọjá ìgbì kìíní, ó gbé e kọjá ìkejì àti ìkẹta, okùn sì le gbọin lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n ti dì í mú lọ́hùn-ún.

Ìyá Sàídátù jókòó sórí yanrìn, ó di ìpẹ̀kun okùn mọ́ àyà, agbára rẹ̀ kò ju ti ọmọ ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dún. Ó ń pè, wọ́n ń gbè:

*Ta ló ni wá?*
*Ọlọ́run ló ni wá.*
*Ta ló lòkun?*
*Ọlọ́run ló lòkun.*
*Ẹ fà á kó bọ̀.*
*À ń fà á bọ̀.*

Wọ́n fà á. Ọkọ̀ náà gun orí ìgbì tó kẹ́yìn, ó já sórí yanrìn pẹ̀lú ìró tó mú ọmọdé bú sẹ́kún. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jábọ́ sílẹ̀ bí àgbọn. Dúró pọ omi, ó jókòó, ó wo ìyá rẹ̀, ó ní, "Ìyá, àwọ̀n ṣì wà lẹ́yìn o. Ó wúwo."

Tí ẹ bá rí bí wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò ju ìka kan lọ sí ikú, àwọ̀n ló ń rò.

Wọ́n fa àwọ̀n náà. Òkun ti kó ẹja ṣáwá wá sínú rẹ̀ láti ibú, ó ń tàn bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Wọ́n pín in bí wọ́n ti ń pín in: ọwọ́ tó kan okùn. Wọ́n dáná èèpo àgbọn níbẹ̀, wọ́n sun òmíràn, wọ́n fi òmíràn se ọbẹ̀ ata gbígbóná, ẹni tó ní ìyókù gàrí nílé gbé e wá.

Wọ́n ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí Kàsímù dé, bàtà lọ́wọ́. Ó ní Ọlọ́lá wá. Mọ́tò rẹ̀ dúró, eruku rẹ̀ kò tíì balẹ̀ tó fi tún lọ. Kò sọ gíláàsì mọ́tò kalẹ̀. Fàúsátù bi í pé lọ́rì ìrẹsì ńkọ́. Kàsímù wo yanrìn. Ó ní kò sí lọ́rì lẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n gbọ́. Ẹnu ń jẹ lọ.

Ó wá kọjú sí Sìmbíátù, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti kọ orúkọ yín. Wọ́n ní kí ẹ wá sí tẹ́ṣàn ọlọ́pàá ní ọjọ́ Ajé. Wọ́n ní ẹ tàbùkù ìjọba."

Sìmbíátù ń ṣa egungun kúrò nínú ẹja fún Dúró bí ẹni pé ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Ó ní òun gbọ́. Kò dáwọ́ dúró.

Kàsímù kò lọ. Òórùn ẹja kò jẹ́ kó lọ, àti láti òwúrọ̀, kò sẹ́ni tó fún òun náà ní nǹkan kan. Ìyá Sàídátù fi ọ̀pá ti ìdí okùn tó wà nílẹ̀ sí i. Ó ní, "Fọwọ́ kàn án." Ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án. Wọ́n fún un ní tirẹ̀.

Mọ́rúfù wà ní ìdí iná pẹ̀lú bùbá tó ti di aṣọ ìnulẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó yọ ìwé pélébé náà lápò. Òǹtẹ̀ pupa ti ṣàn kárí rẹ̀, ó pọ́n ọn lọ́wọ́ bí ẹ̀jẹ̀. Ó jù ú síná. Kò jó, èéfín nìkan ló ń rú. Sìmbíátù gbé abọ́ ẹja síwájú rẹ̀, kò wò ó lójú. Ọkùnrin náà jẹ ẹ́ títí dé ìrù, orí rẹ̀ wà nílẹ̀.

Bí oòrùn ti ń wọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ká okùn, òun ló gbé e lé èjìká, omi ń ṣàn sí i lẹ́yìn. Àwọn èèyàn gbé ọmọ, wọ́n gbé agbọ̀n, oníkálukú lọ sílé pẹ̀lú ikùn tó yó, wọ́n ń kọ orin Ìyá Sàídátù lọ láàárín igi. Òkun ṣì ń ké lẹ́yìn wọn, ohùn rẹ̀ kò tíì rọ̀. Mọ́rúfù gbé okùn kọ́ sójú àbààwọ́n dúdú náà gan-an. Ó ń kán sílẹ̀, tó, tó, tó. Sìmbíátù gbé abọ́ gàrí àárọ̀ sábẹ́ rẹ̀.

"Ọjọ́ Ajé," ni ọkọ rẹ̀ wí, "a jọ ń lọ ni."

Sìmbíátù ń gbọ́ bí abọ́ náà ti ń kún.

Ó tó, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó wà nítòsí iná yẹn kó ṣí ìkòkò. Ẹ gbé abọ́ yín wá lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó máa bi yín ní ìwé. Ẹ jẹ, kí ẹ yó, kí ẹ máa lọ sílé.